Kúìsì orí fóònù nìkan ò lè gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ ọtí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé gègé, àbí kí n kúkú sọ pé ó mú mi gbé fóònù torí orí fóònù ni mo ti ń tẹ eléyìí, ẹ má bínú tí ẹ bá rí àṣìkọ níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní kí gbogbo yunifásítì sọ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ewu ọtí àmupara di dandan, kí ọmọ tí ò bá ṣe é tán má rí yàrá gbà, ó wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, tí wọ́n bá ti gún un fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Mo ka ibẹ̀ yẹn, mo rẹ́rìn-ín, mo tún un kà, inú wá bí mi díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Kílíníìkì inú ọgbà yunifásítì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kọkànlá mi rè é níbẹ̀, èmi ni wọ́n sì sábà máa ń fi sí iṣẹ́ alẹ́ Fráìdè àti alẹ́ Sátidé, ẹni tó bá mọ ọgbà ilé ìwé á ti mọ ohun tí ojú mi ń rí. Mi ò lòdì sí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì o, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ mi gba ibòmíì. Mo ti jókòó ṣe irú ètò yìí fúnra mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì ti ka díẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju pé ibì kan wà nínú ètò yẹn tó ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ kọ́ làwọn ilé ìwé ń náwó lé, ibi tó sì ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún gan-an, iṣẹ́ rẹ̀ kéré, kì í sì í pẹ́ lára ọmọ. Ó nílò èèyàn lẹ́yìn rẹ̀.

Oríṣi méjì ni wọ́n ń pè ní orúkọ kan náà, ẹ jẹ́ n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan jẹ́ kọ́ọ̀sì gígùn, fídíò rẹpẹtẹ, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọpọlọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ òfin, kúìsì á tẹ̀ lé e, tó o bá ti gba máàkì tó tó, wọ́n á fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí. Èkejì kúrú, kì í sábà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: á bi ẹ́ léèrè bó o ṣe ń mu, á wá gbé èsì tìẹ síwájú ẹ bíi dígí, pé bó o ṣe ń mu rè é, iye tó o rò pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń mu rè é, iye tí wọ́n ń mu ní tòótọ́ rè é.

Kọ́ọ̀sì gígùn yẹn, mo bi àwọn ọmọ léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, wọn ò tiẹ̀ tijú kí wọ́n tó sọ fún mi. Wọ́n tan fídíò sílẹ̀, wọ́n pa ohùn rẹ̀, wọ́n lọ wẹ̀. Ìdáhùn kúìsì ti wà nínú gúrúùpù WhatsApp wọn láti ọjọ́ kejì. Ọmọ kan ní ẹnì kan ló bá gbogbo yàrá àwọn ṣe tiwọn, ọwọ́ kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ife wà ní ọwọ́ kejì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé torí ìwà àwọn ọmọ tiwa nìkan ni o. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó yunifásítì 30 jọ, wọ́n ṣẹ́ kèké, àwọn kan gba AlcoholEdu, irú kọ́ọ̀sì gígùn orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àwọn yòókù ò gbà á. Èsì jáde ní 2011. Ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, òótọ́ ni pé iye ìgbà tí àwọn ọmọ ń mu, àti iye ìgbà tí wọ́n ń mu ún lámujù, dín kù láwọn ilé ìwé tó lò ó. Nígbà tó fi máa di sẹ̀mẹ́sítà kejì, wọn ò rí ìyàtọ̀ mọ́. Sẹ̀mẹ́sítà kan péré! Abẹ́rẹ́ àjẹsára wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ó wá kan dígí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀. Ní 1986, àwọn olùwádìí méjì, H. Wesley Perkins àti Alan Berkowitz, kọ̀wé lórí ohun kan tí wọ́n rí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ New York, pé àwọn ọmọ yẹn rò pé ọ̀rọ̀ ọtí rọ àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́rùn ju bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn ní tòótọ́ lọ. Oníkálukú ń wo èkejì, ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé èmi nìkan ni mò ń bẹ̀rù, gbogbo àwọn tó kù ti gbówọ́ nínú ẹ̀, ó wá ń mu kún un kó má bàa dá yàtọ̀. Látìgbà yẹn wọ́n ti rí i níbi púpọ̀. Èmi ò nílò ìwé láti gba ìyẹn gbọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bá mutí yó, tó ń kọrin ní kọ́rídọ̀ laago méjì òru, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló máa gbọ́ ọ, ogún ọmọ tó ti sùn láti aago mẹ́wàá, ta ló máa gbọ́ tiwọn? Tó bá di òwúrọ̀, ẹni tó kọrin yẹn ni wọ́n á máa sọ, ẹnikẹ́ni ò ní ya fọ́tò ẹni tó mu omi lọ sùn kó gbé e sórí ayélujára. Bí irọ́ ṣe ń di ìṣirò nìyẹn.

Iṣẹ́ dígí ni láti tún ìṣirò yẹn ṣe. Clayton Neighbors àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 252 tó ń mutí gan-an, wọ́n tẹ èsì náà jáde ní 2004: àwọn kan rí èsì tiwọn lórí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ wọn, àwọn yòókù ò rí i. Lẹ́yìn oṣù 3, àti lẹ́yìn oṣù 6, àwọn tó rí i ń mu kéré sí àwọn tí ò rí i. Wọn ò fi fídíò ẹ̀dọ̀ jíjẹrà hàn wọ́n o, wọn ò wàásù fún wọn, wọn ò bá wọn wí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi hàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí dígí tó lè fi ojú èèyàn hàn, ojú ọ̀hún ní láti wà níwájú rẹ̀, níbí ni ilé ìwé tèmi ti ba tiwọn jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ètò tiwọn dé, ohun àkọ́kọ́ tó bi ọmọ ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ọmọ wo ló máa fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sókè kó wá kọ sísàlẹ̀ pé òun mu ìgò mẹ́jọ lọ́jọ́ Sátidé? Gbogbo wọn ló di ẹni mímọ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n wá gbé àbọ̀ wá fún ìpàdé àwọn ọ̀gá pé àwọn ọmọ wa ò fi bẹ́ẹ̀ mutí, wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi jókòó sẹ́yìn, mo ń ronú aṣọ ibùsùn tí mo fọ̀ lóru ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ òótọ́ ní láti jẹ́ kó dá ọmọ lójú pé èsì rẹ̀ ò ní dé ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni tó lè fìyà jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń kà sí ọtí ẹyọ kan ní gíráàmù 14 ọtí pọ́nbélé nínú, ní Ọsirélíà ó jẹ́ 10, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 8 péré ni. Ilé ìwé tó bá lọ ra ètò láti ibòmíì láì tún un ṣe, ìṣirò ẹlòmíì ló ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe. Ìgò bíà 330 mílílítà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní nǹkan bíi gíráàmù 13 nínú, ìgò 600 mílílítà tó lágbára kan náà sún mọ́ 24, ọmọ tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun mu ìgò méjì, méjì wo? Ká má tíì wá sọ ti ọtí líle tí wọ́n pò sínú ike pẹ̀lú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n ń gbé yíká, tí ẹnikẹ́ni ò mọ iye tó gbé mì.

Mo ní kí n sọ ti ọmọ kan. Mi ò ní sọ ohun tó ń kà, mi ò ní sọ ọdún tó wà. Ó wọlé wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, kì í ṣe pé ó mutí wá o, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, ṣé òótọ́ ni?” Ó ti ya fọ́tò ojú fóònù níbi tí èsì rẹ̀ ti jáde. Ìbéèrè AUDIT ni wọ́n lò fún un, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe láti fi wo bí èèyàn ṣe ń mutí, ìbéèrè 10 ni, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo títí dé 40, tó bá ti tó 8, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ àmójútó nìyẹn. Ọmọ yìí gba 17. Nínú ìwé àlàyé tí àjọ yẹn fúnra wọn kọ tẹ̀ lé e, ẹni tó bá wà láàárín 16 sí 19, ìmọ̀ràn lásán ò tó o, ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì í, kó sì tún máa padà wò ó. Ṣé ẹ mọ ohun tí ètò orí fóònù yẹn kọ sábẹ́ 17 rẹ̀? Ó ní ó wà nínú ewu, ó wá ní kó tẹ Next.

Ó tẹ Next lóòótọ́, fídíò míì ló jáde.

A jókòó, bí ìṣẹ́jú ogójì. Mi ò ṣe nǹkan bàbàrà kan fún un. Mo bi í pé nínú ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, èwo ló dùn ún jù, ó ní èyí tó bi òun bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé tílẹ̀ bá mọ́ òun ò ní lè rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná. Ó ní òun kọ́kọ́ tẹ pé rárá, òun wá padà sẹ́yìn lọ yí i. Mo bi í kí ló mú un yí i. Ó dákẹ́ pẹ́. Ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ti ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín, fídíò wo ló máa bi í ní ìbéèrè kejì yẹn? Ta ló máa dúró dè é nígbà tó dákẹ́? Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Olùwádìí kan, Kate Carey, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkójọ ìwádìí tó jáde láti 1998 sí 2010, wọ́n fi ìjókòó ojúkojú wé ti kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé e jáde ní 2012: ti ojúkojú ló pẹ́ lára àwọn ọmọ jù, ti kọ̀ǹpútà máa ń ṣí bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Kò yà mí lẹ́nu.

Ẹnì kan á ní ṣé kí wọ́n kó kọ̀ǹpútà dànù nìyẹn, rárá o, mo ti sọ ọ́ ṣáájú. Ní 2017, àwọn Cochrane, àjọ tó máa ń ṣàkójọ ìwádìí lórí ìlera, kó ìwádìí 57 jọ lórí irú ètò orí ẹ̀rọ báyìí, èèyàn 34,390 ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, wọ́n rí i pé àwọn tó lò ó dín ọtí wọn kù ní nǹkan bíi gíráàmù 23 lọ́sẹ̀, ìyẹn ò tó ẹyọ méjì ti Amẹ́ríkà. Kékeré ni. Ní New Zealand, níbi tí Kypros Kypri àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti dán an wò ní yunifásítì 7, ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2014 ni pé àwọn ọmọ tó rí èsì tiwọn ń mu bí ẹyọ 4 ní ìjókòó kan, àwọn tí ò rí i ń mu bí ẹyọ 5, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí wọ́n ń jókòó mu ò yàtọ̀, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mi ò ní fojú di ẹyọ kan yẹn, ẹyọ kan lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lè jẹ́ ibùsùn kan tó máa ṣófo lọ́dọ̀ mi. Ó sì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ò ní yọjú sí mi láéláé, torí ojú á tì wọ́n tàbí torí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Owó tó ń ná wọn lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rà á. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé tí wọ́n bá ti rà á, ńṣe ni wọ́n ń mú rìsíìtì rẹ̀ dáni kiri bí ẹni tó ti sanwó orí, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ wọ́n á ní àwọn ti ṣe tiwọn, ó kúkú ṣe kọ́ọ̀sì yẹn tán, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ rè é.

Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ rí, mo wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta gbé ọmọkùnrin kan wá ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, wọ́n ní ó kàn sùn ni. Kì í ṣe oorun. Ara rẹ̀ tutù, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, tí mo bá ka èémí kan mo lè ka dé mẹ́wàá kí èkejì tó wọlé. Wọ́n ti bu omi tútù lé e lórí, wọ́n ti fún un ní kọfí, ìkankan ò ṣe é lóore torí ẹ̀dọ̀ ò mọ̀ ju bí ẹyọ kan lọ ní wákàtí kan, kò sóhun tó lè lé e sáré. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kódà lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbé ife sílẹ̀, èyí tó wà níkùn ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ẹni tó dà bí ẹni sùn laago kan lè burú sí i tó bá fi máa di aago méjì. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ ẹ̀yìn, tó bá bì nígbà yẹn, èébì á dí i lọ́fun. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń dá ẹni bẹ́ẹ̀ lé, kí ẹnì kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíì máa pè fún ìrànlọ́wọ́. Ọmọ yẹn yè é o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ilé ìwòsàn ńlá ló bá a dé. Nígbà tí ara wa balẹ̀ tán mo bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́. Ó ti lé ní wákàtí kan. Kí ló dé tí wọn ò wá? Wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé àwọn kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ìwé ẹ̀rí kọ́ọ̀sì yẹn. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí wà nínú rẹ̀, mo lọ wá a, ó wà ní fídíò tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní ojú là mọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe ètò yẹn, òun ni màá kọ́kọ́ fi hàn wọ́n kí n tó bi wọ́n ní orúkọ. Tó bá sì jẹ́ èmi ni ọ̀gá ilé ìwé, màá fi òfin kan tì í lẹ́yìn, pé ẹni tó bá gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mutí yó wá fún ìtọ́jú, ẹjọ́ kankan ò sí lórí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú ẹ̀ láti 2002, àwọn míì náà ti tẹ̀ lé e. Ìyẹn ò gba áàpù kankan, bébà kan ni, ẹnì kan á kàn fọwọ́ sí i.

Olóòtú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti gùn. Ẹ bá mi bi ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn bóyá ó ti tẹ ètò ọ̀hún dé ojú ewé ìkẹyìn rí. Tiwa níbí, ojú ewé ìkẹyìn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé tó o bá nílò ẹni tó o lè bá sọ̀rọ̀, pe nọ́ńbà yìí nígbàkígbà. Àwọn ọmọ ti sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kì í gbé e, mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tọ́rọ̀ kàn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn máa wò ó. Mo tún pè é láàárọ̀ yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà yìí. Ó dún títí ó fi já.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì alẹ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi síta.